Atẹ́gùn Tó Ń Sá Lọ Nínú Ọkọ̀ Orval Tveit

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí Orval Tveit tó wo ojú ìyàwó rẹ̀, gééjì ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ wò. Á fa ṣòkòtò sókè, á wọ́ ẹsẹ̀ láti ibi ibùsùn dé ìdí sítíárì, á yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, á wá tẹjú mọ́ ọwọ́ gééjì méjèèjì tó ń sọ iye atẹ́gùn tó wà nínú táńkì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun kan náà ló ń rí: ọwọ́ méjèèjì nà gbalaja sílẹ̀ bí ẹni tí ọtí pa. Atẹ́gùn tó fẹ́ kún inú táńkì lánàá ti lọ ráúráú.

"Ibo ni atẹ́gùn ń gbà sá lọ, ìwọ nǹkan burúkú yìí?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń bi ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ò sì dáhùn.

Ẹni tí kò bá gbé inú ọkọ̀-ilé rí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Ọkọ̀-ilé Orval tóbi bíi bọ́ọ̀sì, ibùsùn wà nínú rẹ̀, ìdáná wà, balùwẹ̀ wà. Atẹ́gùn ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró lórí táyà, atẹ́gùn kan náà ló sì ń dá bíréèkì rẹ̀ sílẹ̀. Tí atẹ́gùn bá tán nínú táńkì, bíréèkì á di táyà ẹ̀yìn mú gírígírí, odindi ilé yẹn á sì jókòó sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tó lóun ò lọ mọ́. Ẹ tì í, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ ṣépè fún un, kò ní mira.

Ó ti pẹ́ tí Orval àti Ardis, ìyàwó rẹ̀, ti ta ilé wọn ní Minnesota. Orval ṣiṣẹ́ nídìí àká ọkà títí eruku ọkà fi wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ardis ní tirẹ̀ ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì, wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ti tó gẹ́ẹ́, wọ́n ra ọkọ̀-ilé àlòkù, wọ́n kó sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí òtútù bá dé, aṣálẹ̀ Quartzsite ni wọ́n ń wá, láàárín ogunlọ́gọ̀ arúgbó bíi tiwọn. Bí ooru bá dé, wọ́n á pọ́nkè lọ síbi tí igi ti pọ̀ tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Ayé wọn nìyẹn. Wọ́n sì jẹ ayé náà dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ìyà ni wọ́n ń jẹ nínú ọkọ̀.

Àmọ́ oṣù Kẹta ti ń lọ sópin, ooru ti ń yọjú, àwọn aládùúgbò sì ti ń ká àga wọn. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ kan ń fọn họ́ọ̀nù, tí eruku á sọ, tí àyè kan á sì ṣófo. Orval nìkan ni kò lè gbéra. Ó sì ní ìdí tí kò fi gbọdọ̀ máà gbéra.

Nígbà ọ̀yẹ́ tó kọjá, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti òkè, ọkọ̀ kú sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀. Orval kó sínú ẹ́ńjìnnì, ó ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi gbé orí sókè, Ardis ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọlọ́pàá ló rí i níwájú lọ́hùn-ún, ó ń rìn lọ láìwọ bàtà, ó ń béèrè ọ̀nà ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, ó ní ebi ń pa àwọn ọmọ. Kirsten, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń gbé ní Phoenix, gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. "Dádì, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òótọ́. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tí ọkọ̀ yẹn bá gbéra, màá tẹ̀lé yín dé Flagstaff níbi tó tutù, màá sì panu mọ́ títí ooru fi máa lọ. Ṣùgbọ́n tí kò bá gbéra, Mọ́mì ń bá mi lọ ni. Mo ti bá ilé ìtọ́jú kan sọ̀rọ̀. Àyè wà fún wọn."

"Fún àwa méjèèjì?"

"Fún Mọ́mì. Ibi àwọn tí orí wọn ti ń dàrú ni, Dádì. Wọn ò ní gba ẹ̀yin."

"Orí ta ló ń dàrú? Ìgbàgbé lásán ni! Ta ni kì í gbàgbé? Èmi gan-an gbàgbé eyín mi sórí tábìlì lánàá."

"Dádì..."

"Ọkọ̀ mi yóò gbéra," ni Orval wí, ó sì pa fóònù.

Bó ṣe rí nínú ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, Ardis wà lọ́dọ̀ òun. Bí ọkọ̀ bá kọ̀, wọ́n á gbà á lọ. Nítorí náà ló fi kọjú mọ́ ọkọ̀, tó sì kọ̀yìn sí ìyàwó. Àwọn àgbà ti ní ìwà òmùgọ̀ ni kéèyàn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n kí a má bú u. Làpálàpá ni ọwọ́ rẹ̀ ká.

Lọ́jọ́rú, ó ki igi gbọ̀ngbọ̀nràn sábẹ́ irin ọkọ̀ kí ó má baà jókòó lé òun lórí, ó nà gbalaja sórí yanrìn, ó sì ń fi omi ọṣẹ wọ́n gbogbo ìsopọ̀ rọ́bà àti páìpù. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ń jò, ọṣẹ á hó níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wá a nìyẹn. Ó wọ́n ọn sí báàgì atẹ́gùn tó wà lẹ́yìn, kò hó. Ó wọ́n ọn sídìí bíréèkì, kò hó. Òòrùn yí dé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta. Ardis gbé ife kọfí wá bá a, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́ lábẹ́ ọkọ̀.

"Mu ún kó tó tutù, Orval. O ti ń ṣe bí aláǹgbá."

Orval mu ún. Omi gbígbóná lásán ni. Kò sí kọfí nínú rẹ̀, kò sí ṣúgà.

"Ó dùn, Màmá. O ṣé," ló wí, ó sì mu ún tán.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó rí nǹkan. Rọ́bà atẹ́gùn tó ń gbé àga awakọ̀ sókè ní ihò kan, ihò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀ fọ́fọ́fọ́. Inú Orval dùn dé ibi pé ó fi ẹnu ko rọ́bà náà lẹ́nu. Ó gé e, ó so ó, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ atẹ́gùn kún táńkì. Ó wá lọ sídìí iná níbi tí àwọn ọkùnrin máa ń gbé àga sí ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ó ń pariwo pé òun ti mú olè náà. Àwọn ará ibẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ gééjì méjèèjì nà gbalaja.

Orval jókòó sórí àga awakọ̀. Ẹ̀rù ló bà á, kì í ṣe ìbínú mọ́. Ló bá ránṣẹ́ sí Chuy Barraza, mẹkáníìkì tó ń wakọ̀ káàkiri aṣálẹ̀ náà, tó ń tún ọkọ̀ àwọn arúgbó ṣe. Chuy dé pẹ̀lú ajá rẹ̀ àti àpótí sípánà, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Orval! Ẹ ò tíì sin òkú ọkọ̀ yìí?"

"Tìrẹ la ó kọ́kọ́ sin. Wo bí irin jákujàku tó o gùn wá ṣe ń rú èéfín."

"Èéfín lẹ rí, ẹ ò rí i pé ó ń rìn. Tiyín ńkọ́?" Ó rí Ardis lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà. "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ bá mi bá ọkọ yín sọ̀rọ̀, ẹnu wọn ti mú jù."

Ardis rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ ta ni?"

Chuy, tó ń wá sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà òtútù, tó ti jẹ oúnjẹ Ardis yó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ rí, wo ojú Orval. Orval ń wo táyà.

"Chuy ni mí, Mọ́mì. Ọmọ yín."

"Ó dára. Ṣé o ti jẹun? Àwọn ọmọ tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n ti yó, Mọ́mì. Gbogbo wọn ló ti yó."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn ń kún, títí táńkì fi kún tó sì tú "pìṣì" bó ṣe máa ń tú tó bá yó. Wọ́n ki òkúta sídìí táyà, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n dá bíréèkì sílẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Chuy dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ níwájú, ó lọ sí ẹ̀yìn, ó wọ́n ọṣẹ, ó gbé etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ògiri. Orval tẹ bíréèkì, ó dì í mú. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sábẹ́ òjìji, wọ́n jẹ ẹ̀wà tí Chuy fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ wé wá, wọ́n mu omi, Chuy tilẹ̀ tòògbé díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wo gééjì, ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tí wọ́n fi í sí, àfi bíńtín tó yẹ̀.

Chuy nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Bàbá, ọkọ̀ yìí ò jò."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mu nǹkan ni? Láàárọ̀ yìí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀!"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń jò, á jò lójú yín, á jò lẹ́yìn yín. Kò ní dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ ṣeré. Ẹ gbà mí gbọ́, èèyàn ló ń tú u."

"Èèyàn? Ta ni yóò..." Orval ti yí ojú sí ọkọ̀ kékeré tó wà ní apá kejì.

Ti Lavonne Pruitt ni. Opó ni Lavonne, orúnkún ń dùn ún, kò sì sí ìgbà tí òun àti Orval kò jà lórí ariwo jẹnẹrétọ̀. Lavonne ti sọ fún un lójú gbogbo ayé rí pé òun á já ohun kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Orval kò tilẹ̀ dágbére fún Chuy. Ó rìn lọ, ó gbá ilẹ̀kùn Lavonne gbàgbàgbà.

"Lavonne! Ìwọ lo ń tú atẹ́gùn ọkọ̀ mi!"

Lavonne yọ orí síta, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ẹ̀rín pa á. "Èmi? Orúnkún mi yìí ni màá fi rá wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ? Orval, òòrùn ti sè ọ́ lórí. Lọ fi omi tútù bọ orí."

"Má fi mí ṣẹ̀sín! O ti lérí rí! Bí ọkọ̀ mi ò bá gbéra lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á mú Ardis lọ. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Lavonne. Ó wò ó, ó tún wò ó. Ọwọ́ tó fi di ilẹ̀kùn mú rọ̀ sílẹ̀.

"O ò mọ̀ ni, Orval?"

"Kí ni mi ò mọ̀?"

"Jésù. Mo rò pé o mọ̀ ni. Gbogbo àwa obìnrin rò pé o mọ̀."

Orval dúró gbagidi. Ó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Lavonne fà á lápá aṣọ, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀ bí ohùn ìyá ọmọ.

"Má lọ sídìí iná lónìí. Wá jókòó síbi fèrèsé mi bí òòrùn bá ń wọ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Bí òòrùn ṣe ń wọ̀, Orval jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì obìnrin tó bá jà láti ìgbà òtútù. Níta, àwọn ọkùnrin ti ń gbé àga lọ sídìí iná, jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo kiri. Nínú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbọ́ atẹ́gùn tó ń tú? Ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ ṣí. Ardis sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ápúrọ́ọ̀nù lára, aṣọ ìnuwọ́ ní èjìká. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́. Ó ń fa okùn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Omi máa ń sùn sísàlẹ̀ àwọn táńkì atẹ́gùn, tí wọn ò bá sì dà á nù, á mú kí inú irin dípẹtà. Nítorí náà wọ́n so okùn kékeré mọ́ ìdí táńkì kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n máa fà á díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí omi tú síta, kí wọ́n sì fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ ni Ardis ti gba iṣẹ́ yìí. "Ìwọ ni o ni ẹ́ńjìnnì," ló sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà náà, "èmi ni mo ni omi." Kò tíì pa á jẹ rí, nínú òjò, nínú yìnyín. Orval kò sì ronú kàn án rí, bí ẹnikẹ́ni kì í ti í ronú kan ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé lójoojúmọ́.

Ardis fa okùn àkọ́kọ́, omi díẹ̀ tú, atẹ́gùn tẹ̀ lé e. Ó fa ìkejì, ó fa ìkẹta. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó wọlé. Orval mí kanlẹ̀. Ó ní bóyá gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Ilẹ̀kùn tún ṣí. Ardis tún sọ̀ kalẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ ní èjìká, ó tún kúnlẹ̀, ó tún fà á. Ó wọlé. Ó tún jáde. Ó ń ṣe é bí ẹni tí kò tíì ṣe é rí, pẹ̀lú ojú ẹni tí inú rẹ̀ dùn pé òun rántí. Ọkọ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí táyà.

Lavonne gbé ọwọ́ lé Orval lẹ́yìn. Orval ń sunkún láìpariwo. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ rọ́bà. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ páìpù, fáàfù, ohunkóhun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Kì bá tilẹ̀ bínú ká ní Lavonne ni.

Ó jáde lọ bá a. Ardis ṣì wà lórí orúnkún, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ń tú mọ́.

"Màmá. Kí lò ń ṣe?"

"Kí lo rò pé mò ń ṣe? Mò ń da omi nù. Bí mi ò bá ṣe é, ta ni yóò ṣe é? Ìwọ tó ń bá àwọn ọ̀lẹ yẹn jókòó sídìí iná?"

"O ti ṣe é tán, Màmá."

"Mi ò tíì ṣe é. Ṣé mo máa ṣe é kí n má mọ̀?"

Orval fà á dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lórúnkún rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Chuy gbọ́. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá, bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe tí nǹkan bá dùn wọ́n. "Bàbá, ó ti tán nìyẹn! Ẹ ká okùn yẹn sókè, ẹ so ó mọ́ irin níbi tí ọwọ́ ò lè tó. Ọkọ̀ yín pé. Lọ́la ẹ ó tan án, Kirsten á rí i pé ó ń rìn, ẹ ó máa lọ. Ta ló máa sọ fún un?"

Òótọ́ ni. Orval ká okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó so wọ́n sókè, ó fẹ́ atẹ́gùn kún táńkì. Ó fi ọwọ́ gbá ọkọ̀ lára. Ó ti borí. Ẹni tó bá rí i ní ọ̀sán yẹn á rò pé ó ti borí.

Bí òòrùn ti ń wọ̀, Ardis sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́. Kò bá nǹkan kan. Ó nà á síwájú, ó nà á sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ gbo inú yanrìn bóyá ó já sílẹ̀ ni. Ó rá láti táyà kan dé èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Orval bí ọmọ tó sọ nù sínú ọjà.

"Wọ́n ti kó o lọ, Orval! Iṣẹ́ mi! Mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí! Má bínú, mo ń tọ́jú ẹ̀, mo ṣáà ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa!"

Ẹkún tó ń sun kì í ṣe ẹkún àgbàlagbà. Orval jókòó tì í lórí yanrìn. Ó sọ fún un pé kò sí nǹkan, ó ní òun ló gbé e kúrò, ó ní ọkọ̀ ò ní omi nínú mọ́. Kò gbọ́. Nígbà tó yá, Orval rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú okùn kan, ó fi sí i lọ́wọ́. Ardis fà á. Atẹ́gùn tú. Ẹkún dá lójú ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú ọkọ rẹ̀ tó kún fún yanrìn.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún, ìwọ yìí?" ló bi í.

Orval tú méjì tó kù sílẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé òun kò lè máa so okùn mọ́. Tó bá jẹ́ okùn lónìí, iná gáàsì ni lọ́la, ilẹ̀kùn ni lọ́túnla, títì ni lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ̀ pé; ọkọ̀ kọ́ ló ń fẹ́ ìtọ́jú. Orí rẹ̀ kọ́ ló fi mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ Sátidé, ó din páńkéèkì fún Ardis, ó da oyin sí i, ó gé e wẹ́wẹ́. Ó jókòó wò ó títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló tan ẹ́ńjìnnì, ó sì fẹ́ atẹ́gùn kún. Nígbà tí Kirsten dé nínú eruku, ọkọ̀ ti ga lórí táyà, ẹ́ńjìnnì ń kùn dáadáa, jìgí mọ́ tónítóní. Kirsten sọ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Dádì! Ẹ ti tún un ṣe! Kí ló ń jò?"

Orval mú un lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó ṣe rí gan-an. Kò bù ú kù. Kirsten fara ti táyà, ó sunkún.

"Mi ò fẹ́ kí n jàre báyìí, Dádì."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ lè wa ọkọ̀ tẹ̀lé wa wá sí Phoenix."

"Níbo ni màá gbé e sí? Àwọn ibi ìgbọ́kọ̀sí ìgboro kì í gba ọkọ̀ tó gbó tó báyìí, o mọ̀. Màá máa wá wo ìyá ẹ. Màá wá ibì kan." Ó nu imú. "Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé nítorí àìsàn la ṣe ń mú un lọ. Ọkọ̀ ló bàjẹ́. Ohun tí a ó sọ nìyẹn."

"Dádì, ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Mọ́mì ń gbọ́ ọ."

Òótọ́ ló sọ, nítorí Ardis mọ gééjì kà ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní tó. Orval lọ pa ẹ́ńjìnnì. Ó rọra kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́, ó sì fa okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú títí kò fi sí èémí kankan nínú táńkì. Ọkọ̀ tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ wá rọ̀ wálẹ̀ lọ́wọ́ Orval fúnra rẹ̀.

Ardis yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló dé? Ó ti kú ni?"

"Atẹ́gùn ò dúró nínú ẹ̀, Màmá. Mo ti ṣe é ṣe é, ó ti sú mi. Bá Kirsten lọ ná, kí ooru má baà mú ọ níbí. Tí mo bá tún un ṣe tán, màá wá gbé ọ."

Ardis wọlé lọ wo gééjì fúnra rẹ̀, ó sì jáde wá, ó ń mi orí. Kò jà. Ó jẹ́ kí Kirsten wọ bàtà fún òun, ó jẹ́ kí wọ́n gbé àpótí aṣọ òun sínú mọ́tò. Nígbà tó jókòó tán, tí wọ́n ti de bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó di ìka Orval mú. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, bíi ti àtijọ́.

"Má bínú sí i, Orval," ló wí. "Ó ti dàgbà ni. Ó ti gbé wa dé ibi púpọ̀."

"Mi ò bínú sí i, Màmá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Mi ò bínú sí i rárá."

Ardis fi ìka rẹ̀ sílẹ̀, Kirsten sì wa mọ́tò lọ.